Ta Ni Yóò Fi Ọ̀nà Inú Ilé Han Ẹni Tí Kò Ríran?

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti kékeré ni mo ti gba òwe yìí gbọ́, títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kan sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn béèrè ọ̀nà nínú ilé kan ṣoṣo, síbẹ̀ tí ohun tí àwọn tìtorí rẹ̀ lọ bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jù mí lọ. Àrùn ojú tí à ń pè ní glaucoma ni ó mú ìríran wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ojú, bí ẹni ń pa ilẹ̀kùn dé láti ọ̀tún àti òsì, kí ó tó wá gba àárín. Nígbà tí wọn yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sí ohun tí ojú wọn ń dá mọ̀ mọ́ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Ẹ má ṣe káàánú wọn jù, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Wọ́n mọ Ìbàdàn ju èmi tí mo ń fi ojú méjèèjì ríran lọ.

Ní oṣù tó kọjá, àwa méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí Míkírà kan ní Ring Road. Kí n tó gba ṣéńjì tán lọ́wọ́ awakọ̀, ẹnu ọ̀pá funfun wọn ti kan etí gọ́tà.

“Àbúrò,” wọ́n wí, “ìyá alákàrà wà níwájú wa lápá ọ̀tún. Tí a bá kọjá rẹ̀, a ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kan tí kì í sinmi. Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ yẹn ni a ó yà.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ìtasánsán àkàrà ti dé imú wọn kí èmi tó rí ìyá náà láàárín èrò. Fóònù wọn wà nínú àpò àyà ẹ̀wù, kì í ṣe ní ọwọ́, nítorí àwọn ajáfóònù. Ohun ìgbọ́rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní etí òsì wọn; etí ọ̀tún wà lófìfo fún ariwo ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Inú ohun ìgbọ́rọ̀ yìí ni àwòrán ilẹ̀ ti Google ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ń pe Dùgbẹ̀ àti Olúyọ̀lé bí ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí, àmọ́ òtítọ́ ni ó ń sọ: ó ku mítà 100, ẹ yà sí ọ̀tún.

Òwe kan wà tó sọ pé afọ́jú tó bá ní òun yóò sọni lókò, ó ti fẹsẹ̀ tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Òwe náà yé mi dáadáa ní ọjọ́ yẹn. Ẹni tí kò ríran a máa fi ẹsẹ̀, etí àti imú mọ ohun tí àwa ń fi ojú wá kiri.

Ṣùgbọ́n bí a ti wọ inú ilé ìtajà ńlá tí à ń lọ, gbogbo nǹkan yí padà. Ilẹ̀ ń dán bákan náà láti ògiri dé ògiri. Orin ń ti òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ìgúnpá mi mú.

“Láti ibí lọ,” wọ́n wí, “ọwọ́ rẹ ni mo wà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló dé tí ẹ̀rọ tó lè mú ènìyàn láti Challenge dé Bódìjà kò fi lè mú un láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá kẹfà? Ǹjẹ́ àwọn kan wà níbòmíràn tí wọ́n ti rí ojútùú sí i? Kí sì ni àwa tí a wà ní Ìbàdàn lè ṣe?

Ilẹ̀kùn mẹ́fà

Kí n tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ti béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ní ọdún tó kọjá ni ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Dùgbẹ̀ pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni àdéhùn. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ ní alẹ́ àná, láìsí ẹnikẹ́ni tó mú wọn lọ́wọ́ láti Challenge.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ bi. Ó ní, “Ẹ máa lọ tààrà, ẹ máa rí àtẹ̀gùn lápá ibẹ̀ yẹn.” Wọ́n fi ọ̀pá wá àtẹ̀gùn náà títí wọ́n fi rí i. Ní òkè, wọ́n bi obìnrin kan. Ó ní, “Lọ́hùn-ún ni, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn.” Ẹnì kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kánjú, kò dáhùn rárá, ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó fà wọ́n lọ, ó mú wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó ní kí wọ́n dúró, wọn yóò pè wọ́n. Ó lọ. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí ẹnì kẹrin tó sọ fún wọn pé iwájú yàrá àwọn tó ń san owó oṣù ni wọ́n jókòó sí, àti pé òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, akọ̀wé ti pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti fa igi lé e. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ bá wọn kẹ́dùn. Ó ní ọwọ́ òun kò ká a mọ́.

“Mo padà lọ kà á,” ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. “Ilẹ̀kùn mẹ́fà péré ló wà láàárín bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí àti iṣẹ́ yẹn.”

Wọ́n tún sọ ohun kan tí n kò ronú kàn rí. Wọ́n ní ẹni tó bá ríran lè lọ sí ilé ìwòsàn kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé yàrá àyẹ̀wò báyìí ni òun ń lọ. Yóò kàn ka ohun tí a kọ sára ògiri, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú àṣírí ara rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, kí ó tún un tú fún ẹni tó ń gbálẹ̀, kí ó tún un tú fún ẹni tó bá kọjá. Gbogbo wọn ni yóò mọ ohun tó ń ṣe é kí dókítà tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fini mọ̀nà nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ ni, ọ̀rọ̀ àṣírí sì ni pẹ̀lú. Àwọn tó kàn kò sì kéré níye. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé ọmọ 40 ọdún sókè nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.25 ni ojú wọn kò ríran rárá tàbí tí ó bàjẹ́ débi tí ó ti ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ sí lára ìyẹn, nítorí wọn kò tíì pé ogójì.

Ìdí tí fóònù fi ń dákẹ́

Àwọn sátẹ́láìtì tó ń tọ́ fóònù wa sọ́nà wà lójú ọ̀run, ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 sí ilẹ̀ ayé. Ìró tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ti rẹ̀ gan-an kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní gbangba, fóònù lè fi ìró náà mọ ibi tí a wà pẹ̀lú àṣìṣe nǹkan bíi mítà 5. Ṣùgbọ́n kọnkéré, irin àti páànù a máa dí ìró yìí lọ́nà, tàbí kí wọ́n dá a padà bí ògiri ṣe ń dá bọ́ọ̀lù padà. Ẹni tó bá ti gun Òkè Mápó, tó wo ìsàlẹ̀, tó rí bí òrùlé páànù ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ, yóò mọ ohun tí sátẹ́láìtì ń bá yí ní ìlú yìí.

Kódà ká ní ìró náà wọlé, mítà 5 ti pọ̀ jù. Lójú títì, mítà 5 kò ju ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì lọ. Nínú ilé, òun ni ìyàtọ̀ láàárín yàrá dókítà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti orí àtẹ̀gùn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ àjà ilé tún wà níbẹ̀. Ẹ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá àti ẹni tó wà ní àjà ogún lókè rẹ̀ gan-an, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì wà lórí àwòrán ilẹ̀.

Àìsí àwòrán inú ilé ni ó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. A ti ya òpópónà Ìbàdàn sórí fóònù, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ ilé wa, orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ni àwòrán rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá lọ ilé lálẹ́, wọ́n gbé e lọ.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ kò ní iná nínú rárá. Ní ilẹ̀ Japan, ní 1965, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seiichi Miyake ṣe òkúta ìtẹ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè kà, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, 1967, wọ́n tẹ́ òkúta yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ sí ojú ọ̀nà kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní ìlú Okayama. Bí a ti ń lò ó lónìí, ìlà gbọọrọ túmọ̀ sí “máa lọ”. Kókó róbótó túmọ̀ sí “dúró, ṣọ́ra”. Ó ti tàn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, pápákọ̀ òfuurufú àti inú ilé káàkiri ayé.

Òkúta lè sọ pé kí ènìyàn máa lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí ó ń lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo Bluetooth, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pe nọ́mbà ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà lọ, ní ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ṣùgbọ́n tí fóònù ń gbọ́. Bí ìró náà bá le, fóònù mọ̀ pé òun ti sún mọ́ ọn. Bí ó bá rẹ̀, fóònù mọ̀ pé òun ṣì jìnnà. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ tó nínú ilé, fóònù yóò máa fi wọ́n wé ara wọn, yóò sì sọ fún ẹni tó mú un lọ́wọ́ pé ó ti dé ìdí àtẹ̀gùn, tàbí pé ilẹ̀kùn tí ó ń wá wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bátìrì kékeré ni ẹ̀rọ náà ń lò, ó sì lè pẹ́ ju ọdún kan lọ lórí ẹyọ kan. Kò dúró de iná ìjọba.

Ní 2015, wọ́n dán irú rẹ̀ wò fún àwọn tí kò ríran ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó wà ní Pimlico, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríran nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rin ìrìn àjò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú àwọn lọ́wọ́. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Wayfindr. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé wọn kò dúró lórí ẹ̀rọ nìkan. Wọ́n kọ ìlànà sílẹ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ̀rọ máa sọ fún ẹni tó ń rìn, àti ìgbà tó yẹ kí ó sọ ọ́. Ní 2017, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ITU, gba ìlànà náà wọlé, wọ́n sì pè é ní F.921.

Obìnrin kan tí mo máa ń ronú nípa rẹ̀ ni Chieko Asakawa. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni. Ó fi ojú ṣèṣe nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún 11, ojú náà sì fọ́ pátápátá nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14. Ó di onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ IBM, òun àti àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà sì ṣe ètò kan tó ń jẹ́ NavCog, tó ń fi Bluetooth tọ́ ẹni tí kò ríran sọ́nà nínú ilé. Láti 2021 ni ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìṣàfihàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Miraikan ní Tokyo. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó jókòó tí ó tún bàtà ṣe.

Ní ilẹ̀ Spain, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Wọ́n ṣe àmì onígun mẹ́rin kan tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní NaviLens. A lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tàbí ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà fóònù lè rí i láti òkèèrè kódà bí ẹni tó mú fóònù kò bá mọ ibi tí àmì náà wà gan-an, yóò sì ka ohun tó dúró fún sókè. Ó ti wà ní ibùdó ọkọ̀ ní Barcelona. Bákan náà, láti oṣù kìíní 2015 ni ètò Be My Eyes, tí ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Hans Jørgen Wiberg, dá sílẹ̀, ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò ríran pe ẹni tó ń ríran lórí fídíò, kí onítọ̀hún bá a wo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lo èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí. Wọ́n ní ó dára púpọ̀ láti ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn nínú ilé. Ṣùgbọ́n fídíò a máa jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko, ẹni tó bá sì na fóònù síwájú láàárín èrò, bí ẹni ń pe ajáfóònù ni. Ẹ̀rọ Bluetooth náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ilé ńlá nílò púpọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bátìrì, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ tún àwòrán ilé ṣe bí wọ́n bá sọ yàrá ìkàwé di yàrá ìpàdé. Ẹ̀rọ tí kò ní alámòójútó, ọ̀ṣọ́ ara ògiri ni yóò dà.

“Lọ́hùn-ún” kì í ṣe ibì kankan

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé Dùgbẹ̀,” wọ́n wí, “ṣé ìwọ tí o kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá lè júwe ilé fún mi?”

Mo ní kí ló le níbẹ̀. Ìgbéyàwó kan ń bọ̀ nínú ẹbí wa, ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Mo lọ síbẹ̀, mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì ẹbí, mo sì gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí WhatsApp, mo fi ránṣẹ́. Ìpè wọn kò pẹ́ kí ó tó wọlé.

“Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni o sọ pé ‘ẹ máa rí’. Kí ni mo fẹ́ fi rí i? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o sọ pé ‘lọ́hùn-ún’. ‘Lọ́hùn-ún’ kì í ṣe ibì kankan.”

Ojú tì mí. Bí gbogbo wa ṣe ń júwe ọ̀nà ní Ìbàdàn nìyẹn: a ó na ìka, a ó ti ẹnu síwájú, a ó sọ pé “ibẹ̀ yẹn”. Ìka ni ó ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bí a bá yọ ojú kúrò, kò sí ohun tó kù nínú àpèjúwe wa.

A jọ tún un ṣe títí tí ó fi gún. Ibi tí kò lè yí padà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ọ̀tún àti òsì ẹni tó ń rìn ni kí a máa pè, kì í ṣe ti ẹni tó ń júwe. Ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ni kí a kà, kì í ṣe ìṣísẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gùn tó ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kí a dárúkọ ohun tí etí tàbí ẹsẹ̀ lè mọ̀ tí kò sì ní ṣípò: ibi tí táìlì ti parí tí sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé, ibi tí ẹ̀rọ kan ti ń kùn. Kí ìkìlọ̀ ṣáájú ewu. Kí a sì sọ bí ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé òun ti ṣìnà: “Bí ẹ bá gbọ́ ariwo abọ́ láti ilé ìdáná, ẹ ti kọjá, ẹ padà sẹ́yìn.”

Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá dé, ọ̀rọ̀ yìí ni yóò fi sọ̀rọ̀, iṣẹ́ àwa tí a kọ́ èdè Yorùbá sì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka “òsì” láìsí àmì tó tọ́, ó lè ní kí ẹ̀gbọ́n mi yà sí òṣì, èyí tí wọ́n ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí. Bí ó bá ṣi ohùn gbé lórí “àjà kejì”, ó di ajá kejì. Àwa fúnra wa pàápàá kò tíì fohùn ṣọ̀kan: ṣé àjà kìíní ni ìsàlẹ̀ ilé, àbí òkè tó tẹ̀ lé e? Ẹni tó ń ríran yóò wo nọ́mbà ara ògiri. Ẹni tí kò ríran yóò gun àtẹ̀gùn kan lásán, tàbí kí ó kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn.

Ohun tí òfin sọ, àti ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí akàndá ẹ̀dá lè máa wọlé, kí ó sì máa lò wọ́n. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024. Òfin dárúkọ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè àti ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun èlò mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí wọ́n bá gbọ́ nípa òfin yìí, ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó ń wá sí wọn lọ́kàn. Ó dára, ó sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran lè gun ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ dé òkè, kí ó sì sọnù sórí rẹ̀. Ó yẹ kí a ka ilé tó ń júwe ara rẹ̀ mọ́ “ohun èlò mìíràn” náà.

A kò ní láti dúró de ìjọba ká tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ìwé ìpè ìnáwó ránṣẹ́ sí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí kò ríran, ẹ fi àpèjúwe gbọ̀ngàn náà ránṣẹ́ tẹ̀ lé e ní ohùn. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn lè ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, kí wọ́n fi sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbàlejò. Bí ẹ bá fẹ́ sin ẹnì kan lọ, ẹ má ṣe fà á lọ́wọ́. Ẹ na ìgúnpá yín sí i, òun ni yóò di yín mú, tí yóò sì máa tẹ̀ lé yín ní ìdajì ìṣísẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ń lọ, kí ó má baà máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti mú un jókòó, ẹ sọ ibi tí ó wà fún un, kí ẹ sì rí i dájú pé ibẹ̀ ni ó ń lọ lóòótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ mìíràn pe ẹ̀gbọ́n mi fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ síbẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, mo rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gba ohùn tí kò tó ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ náà. Ní òwúrọ̀, àwọn àti ọ̀pá wọn nìkan ni wọ́n jáde nílé. Mo jókòó ti fóònù mi. Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dún.

“Àbúrò, o fo ilẹ̀kùn kan nínú ìṣirò rẹ.”

“Áà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.”

“Kò sí wàhálà. O ti sọ pé ẹ̀rọ omi tútù ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà. Mo gbọ́ ọ. Mo ti jókòó.”

Títí di ìgbà tí mo ń kọ àròkọ yìí, ilé iṣẹ́ náà kò tíì fèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ jáde lẹ́nu akọ̀wé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, olórúkọ wà nítòsí láti dáhùn.